Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Jogbo?

Lẹ́yìn ilé wa ní Kúbwà, Àbújá, ilẹ̀ kan wà tí kátápílà tú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó rà á fẹ́ kọ́ fúláàtì mẹ́fà síbẹ̀. Igi igbá méjì, igi ẹ̀mí kan tí òrí ti ń wá, àti igbó ṣókí tó wà létí odò kékeré tó ń ṣàn kọjá níbẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni kátápílà fi palẹ̀ gbogbo wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni owó sìmẹ́ǹtì fò sókè, ilé ò sì tíì kúrò ní ìpìlẹ̀ di òní. Òjò ọdún kìíní rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa lásán. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa dá, jogbo ti gba ilẹ̀ náà tán. Ó ga jù mí lọ, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè sì bo gbogbo ibẹ̀.

Àgbà kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọ̀fà. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ti tún ilẹ̀ náà ṣe? Ewé ti padà, ó tún wá lódòdó." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," nítorí mi ò fẹ́ bá àgbà jiyàn ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ewé padà lóòótọ́. Kì í ṣe ewé tó lọ ló padà.

Kí ló lọ? Ẹ jẹ́ ká fi irú bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bìkítà nípa àdán àti labalábá á ṣáà bìkítà nípa ọbẹ̀. Ìyá kan nínú àwọn Gbàgyí, onílẹ̀ Àbújá, máa ń wá ká èso igbá méjì yẹn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, á sè é, á tẹ̀ ẹ́, á bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi di irú, tí àwọn Hausa ń pè ní daddawa. Òdòdó igbá dà bíi bọ́ọ̀lù pupa kékeré tí wọ́n fi okùn gígùn so rọ̀ sórí ẹ̀ka. Alẹ́ ni omi dídùn inú rẹ̀ máa ń sun jù, nítorí àdán ni àlejò tó ń retí. Àdán á dì mọ́ bọ́ọ̀lù náà, á lá omi rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn nírun àyà àti lójú, á sì gbé e dé orí igi kejì. Ibẹ̀ ni èso ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá da irú sínú ẹ̀fọ́ rírò ní Àbújá, iṣẹ́ òru àdán wà nínú ìkòkò yẹn, kò sì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún un.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa èrè tí igbó àti odò ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Oyin tó ń bá òdòdó ẹ̀mí ṣiṣẹ́ kí òrí lè wà, gbòǹgbò tó ń di bèbè odò mú, àbàtà tó ń fa omi òjò mu tó sì ń rọra tú u sílẹ̀ sínú kànga, òjìji tó ń mú kí ọ̀sán oṣù kẹta ṣe é fara dà. Oríṣìíríṣìí ẹ̀dá tó ń gbé ibì kan ló ń pín iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe. Ẹ wò ó bí ọjà: aláta wà, alẹ́ran wà, alágbàfọ̀ wà, aláṣọ wà. Bí gbogbo ìsọ̀ bá di ti oní-píọ̀-wọ́tà, èrò ṣì máa kún ọjà fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ọbẹ̀ sè. Jogbo lẹ́yìn ilé wa, ọjà píọ̀ wọ́tà ni. Ewé kún ibẹ̀, àdán ò sì ríbi sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni ti àjèjì. Onílé wa gbọ́ lórí rédíò pé igi àjèjì ń ba ilẹ̀ jẹ́, ni wọ́n bá ní àwọn máa gé dongoyárò iwájú ilé. Mo bẹ̀ wọ́n. Òótọ́ ni pé àjèjì ni dongoyárò: ilẹ̀ Íńdíà ló ti ṣẹ̀, ọdún 1928 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbin ín ní Borno, láti ara irúgbìn tó ti ilẹ̀ Gánà wá. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ká lé gbogbo àjèjì lọ, kí la ó máa jẹ? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata àti tòmátì ti wá. Apá Íńdíà ni máńgòrò ti wá. Èmi tí mò ń kọ èyí ní Kúbwà gan-an, àjèjì ni mí lójú Gbàgyí.

Ajẹgàba ni ká bẹ̀rù. Àlejò tí kò dúró kí ẹnikẹ́ni gbin òun, tó ń bí sí i fúnra rẹ̀, tó ń gba ìmọ́lẹ̀, omi àti oúnjẹ mọ́ onílé lọ́wọ́, tó sì ń pa iṣẹ́ tí onílé ń ṣe run, òun là ń pè ní ajẹgàba. Ọ̀kan nínú irú wọn ni jogbo, tí àwọn mìíràn ń pè ní agbálẹ̀, orúkọ tó yẹ ẹ́. Mẹ́síkò àti àyíká rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Kòkòrò wà lọ́hùn-ún tó ń jẹ ẹ́, àrùn wà tó ń ṣe é, ewéko mìíràn wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jìjàdù. Nígbà tí wọ́n gbé e wá síhìn-ín nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀, wọn ò bá a gbé ọ̀tá rẹ̀ wá.

Ewé Akíntọ́lá náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. (Èyí tí ẹ bá fi ń pè é nílé yín, ó kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá yín dìbò fún.) Ọdún 1937 ló bá irúgbìn igi Gmelina wọlé láti ilẹ̀ Sri Lanka, tó ń jẹ́ Ceylon nígbà náà. Kò sẹ́ni tó pè é. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fi oje rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró, a sì rò pé ewé àwọn baba ńlá wa ni.

Ti orí omi ló wá burú jù. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ewéko kan tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń léfòó bọ̀ ní ojú ọ̀sà Badagry láti ìhà ilẹ̀ Benin. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Àwọn ará wa tó ń gbé etí ọ̀sà sọ ọ́ ní gbéborùn, nítorí bí olófòófó ló ṣe ń ti ojúlé dé ojúlé, tí ẹ ò ní mọ ìgbà tó wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, èyí tó wà lójú omi lè di ìlọ́po méjì. Irúgbìn rẹ̀ lè sùn sínú ẹrẹ̀ ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó jí. Kí ọdún púpọ̀ tó kọjá, ó ti wà ní Adágún Kainji lórí odò Ọya ní àríwá. Níbi tó bá ti tẹ́ bí ẹní, oòrùn ò ní wọ omi, afẹ́fẹ́ inú omi á dínkù, ẹja á máa kú tàbí kó sá lọ, ọkọ̀ apẹja ò sì ní ríbi gbà. Oògùn rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ jù ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kí wọ́n lọ mú ọ̀tá rẹ̀ wá láti ilé: kòkòrò kékeré kan tí kò jẹ ohun mìíràn àfi òun. Ní Adágún Victoria ní ìlà oòrùn Áfíríkà, kòkòrò yìí ṣiṣẹ́ takuntakun ní ìparí àwọn ọdún 1990.

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, ẹjọ́ àlejò nìkan la ó máa rò, ọkàn onílé á sì balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Jigawa àti Yobe.

Àbàtà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hadejia-Nguru, láàárín aṣálẹ̀ àti ilẹ̀ ọ̀dàn. Láyé àtijọ́, bí oṣù keje bá ti wọlé, odò Hadejia àti odò Jama'are á kún bo bèbè, omi á tẹ́ lọ títí ojú ò ní tó o. Ẹja á wọ inú koríko lọ yé ẹyin. Bí omi bá ti ń fà, àgbẹ̀ á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, á gbin ìrẹsì sílẹ̀ tútù. Bó bá fà tán, Fúlàní á kó màlúù wọlé, màlúù á jẹ koríko, á sì fi ìgbẹ́ rẹ̀ san owó ilé. Àwọn ẹyẹ láti Yúróòpù ń sá òtútù wá síbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ, á là páńpá, á dúró de òjò mìíràn. Lọ́dọọdún bẹ́ẹ̀.

Ewéko kan ń gbé inú àbàtà yẹn tí Hausa ń pè ní kachalla. Ó ga bí ìrèké, orí rẹ̀ dúdú rọ́bọ́tọ́ bí ìtì sìgá ńlá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kì í ṣe àjèjì. Ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ni. Látayébáyé, ilẹ̀ tó ń gbẹ lọ́dọọdún ni kì í jẹ́ kó gbilẹ̀.

Ní 1974, wọ́n kọ́ dáàmù Tiga sórí odò lókè lọ́hùn-ún ní Kano. Ní 1992, wọ́n tún parí ti Challawa Gorge. Dáàmù ń gba omi òjò dúró, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún oko ìbomirin. Àgbàrá ńlá ọdọọdún dínkù. Dípò rẹ̀, omi tín-ín-rín wá ń ṣàn nínú odò láti January dé December. Ohun tí kachalla ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn: omi tí kò jìn, tí kì í gbẹ. Ó bá gbilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń há iyanrìn mọ́lẹ̀, iyanrìn ń di ojú odò, odò ń yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Oko ẹnì kan á wà nínú omi tí kò fẹ́, ti ẹlòmíràn nísàlẹ̀ odò á gbẹ kanrin. Ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu pupa tí wọ́n ń pè ní jan baki wá rí ilé tuntun sùn sí nínú kachalla, ọ̀wọ́ wọn ń ṣú bí òjò, bí wọ́n bá sọ̀ sórí oko jéró tàbí ìrẹsì, àgbẹ̀ á kàn káwọ́ lérí ni.

Ní ọdún 2000, Adágún Nguru wọ inú ìwé Ramsar, ìwé àwọn àbàtà tí àgbáyé gbà pé ó ṣe pàtàkì. Ìwé kì í gé koríko. Àwọn ará abúlé ló ń wọ omi dé àyà, tí wọ́n ń fi àdá gé e. Wọ́n ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ hun ẹní, wọ́n ń fi díẹ̀ bo ilé, ṣùgbọ́n ẹní mélòó ni ènìyàn fẹ́ hun?

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti lo òwe yìí gbó, síbẹ̀ mi ò mọ èyí tó ṣe àlàyé kachalla jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ ọ̀rọ̀ ewéko ajẹgàba sí orí kan, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti dáàmù sí orí mìíràn, bí ẹni pé àrùn méjì ni. Lójú tèmi, àrùn kan náà ni. Ẹni tó tú ilẹ̀, tó yí omi padà, tó gé igi, òun ló ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa wọlé, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ ọmọ onílé.

Kò túmọ̀ sí pé dáàmù jẹ́ ìkà o. Tòmátì tí à ń rà ní Àbújá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti agbègbè Kadawa ní Kano wá, omi Tiga ni wọ́n sì fi ń bomi rin ín. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ẹni tó ń san owó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ṣírò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi owó tí omi ń pa nínú oko ìbomirin wé èyí tó ń pa bó bá dé àbàtà, láti ara ẹja, ìrẹsì àti igi ìdáná. Ti àbàtà ló pọ̀ jù, ó sì fi púpọ̀púpọ̀ ju ti oko lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù, kò sẹ́ni tó kọ ẹja náà sínú ìwé ìṣirò, torí pé apẹja kì í fúnni ní rìsíìtì.

Tòmátì náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àbújá ní 2016 á rántí ìgbà tí agbọ̀n tòmátì di ohun tí wọ́n ń wò láti òkèèrè, tí à ń fi tàtàṣé nìkan lọ ata. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba Kaduna kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní Ebola tòmátì. Àfòpiná kékeré kan ló fà á, Tuta absoluta lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó dé Spain ní 2006, ó gba òkun kọjá sí àríwá Áfíríkà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Ìdin rẹ̀ kì í gbé orí ewé. Àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé ló ń wọ̀ sí, bí ọmọdé tó wọ inú ìrọ̀rí, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, omi oògùn tí àgbẹ̀ fọ́n ò sì tètè bá a.

Ẹ wo ilẹ̀kùn tó gbà wọlé: oko tòmátì lọ títí, tòmátì lẹ́yìn tòmátì, kò sí igbó tó là á láàárín. Oúnjẹ pọ̀ fún un láìní wá a kiri. Àwọn aláǹtakùn, èèrà àti agbọ́n tí ì bá máa jẹ nínú ẹyin àti ìdin rẹ̀, inú igbó etí oko ni wọ́n ń gbé, igbó yẹn ti lọ. Àwọn tó kù, oògùn tí àgbẹ̀ fọ́n nítorí rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa wọ́n.

Ẹ padà wá sí Àbújá. Àṣẹ tó dá ìlú yìí sílẹ̀ jáde ní February 1976, ìjọba àpapọ̀ sì kó wọlé ní 12 December 1991. Ètò ìkọ́lé tí wọ́n parí ní 1979 fi àyè ewéko sílẹ̀ lẹ́bàá àwọn odò. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwa 1,406,239 ni wọ́n kà, ẹ̀yin náà sì mọ bí go-slow Nyanya ṣe rí láti ìgbà yẹn. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni pé à ń pe ilẹ̀ ọ̀dàn ní ilẹ̀ òfìfo. Ẹni tó dàgbà sí igbó ńlá apá Oǹdó á wo koríko àti igi tó jìnnà síra, á ní, "Kò sí nǹkan kan níbí." Nǹkan wà ńbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, gbòǹgbò koríko tó ń mú kí omi òjò wọlẹ̀ dípò kó máa sáré. Àwa wá ń da kọnkéré bò ó, à ń to íńtálọ́ọ̀kù láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé, a gbin igi masquerade mẹ́rin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lè ṣíji bo ajá, a ní ilé wa ní ewéko.

Odò kékeré ẹ̀yìn ilé wa kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí kátápílà gé igbó bèbè rẹ̀, bèbè bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀. Gbòǹgbò jogbo wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò di ilẹ̀ mú bí ti àwọn igi àtijọ́. Lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, òjò wákàtí méjì rọ̀, omi pupa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ ilé ìdáná aládùúgbò mi kan. Mo bá wọn gbọ́n ọn. Sílíńdà gáàsì ń léfòó kiri bí igbá, ó ń gbá ara mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ìyá wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní kí á kọ́ gọ́tà ńlá. Gọ́tà dára. Owó iṣẹ́ tí igbó etí odò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ la fẹ́ máa dá báyìí, ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Kí la lè ṣe sí jogbo? Dídáná sun ún kò wúlò, ó máa ń tún rú láti ìdí. Kí ẹ gé e kó tó so ni ọ̀rọ̀ wà, torí èso rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ àti àgbàrá ń gbé e lọ. Ewé rẹ̀ sì ní ohun tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá gan-an, àgbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà ń gé e sáàárín oko bí ajílẹ̀. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí n ṣe bí mo ṣe fẹ́. Òpin oṣù kẹsàn-án ni mo mú àdá, mo gé e, mo tẹ́ ewé rẹ̀ sí ìdí àgbàdo ìyàwó mi.

Bàbá Ọ̀fà bá mi níbẹ̀. "Ẹ fi òdòdó Ọlọ́run sílẹ̀ jàre, kí ló ṣe yín?" Mo ní kí wọ́n wá wo nǹkan. Lábẹ́ jogbo tí mo gé, kùkùté igi ẹ̀mí tí kátápílà ṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀, ó ti rú ọ̀mùnú mẹ́rin, ewé rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn tó ìka ọwọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ẹ̀mí nìyí o." Wọ́n lọ mú igi gbígbẹ mẹ́ta wá láti ilé wọn, a fi ṣe ọgbà yí i ká, a so aṣọ pupa mọ́ ọn kí awakọ̀ kátápílà lè rí i. Onílẹ̀ ní òun máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà lẹ́yìn ọdún tuntun.